Láti inú kart dé Formula 1: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo awakọ̀ Formula 1 ló ń sọ pé inú kart, ọkọ̀ kékeré tí kò ní òrùlé yẹn, lòun ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni ohun ìṣeré ọmọdé fẹ́ kọ́ ẹni tó máa wa ọkọ̀ tó ń sá ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan?

Ìdáhùn: Èyí tí ẹ máa ń rí ní ibi ìgbafẹ́, ohun ìṣeré nìyẹn lóòótọ́. Èyí tí wọ́n fi ń díje kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ní ṣọ́ọ̀kì, kò ní síprìn. Ara irin rẹ̀ àti ara ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ló ń gba gbogbo gbígbọ̀n. Awakọ̀ jókòó sílẹ̀ débi pé ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà.

Ẹ̀yìn ni àdììtú rẹ̀ wà. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, torí náà dandan ni kí wọ́n máa yí lọ́gbọọgba. Nínú mọ́tò tiyín, tí ẹ bá ń yà sọ́tùn-ún, táyà òsì máa ń yí ju ti ọ̀tún lọ, torí òun ló máa rìn jìnnà jù. Kart kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yí sitíárì títí, tààrà ló ṣì fẹ́ máa lọ. Àfi kí táyà ẹ̀yìn tó wà ní ikùn kọ́nà gbéra nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹnì kejì rẹ̀ nìkan máa ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe to táyà iwájú ló ń mú kó gbéra, irin ara ọkọ̀ tó ń tẹ̀ àti ìwúwo awakọ̀ á sì parí iṣẹ́ náà. Tí táyà yẹn kò bá tètè bọ́ sílẹ̀ padà, eré ti lọ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń fi ìdí àti egungun ìhà mọ gbogbo èyí, láìsí kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún un. Mo dárúkọ egungun ìhà torí pé ibẹ̀ ni ìjókòó líle yẹn ti ń lù wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wọ ohun ìdáàbòbò sábẹ́ aṣọ nítorí ẹ̀.

Ohun tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu jù ni pé kò ní bẹ́líìtì. Kò sí irin kankan lókè orí tó lè gba ọmọ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé, torí náà ó sàn kó fò jáde ju kó há sábẹ́ ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ta ló fún un ní láísẹ́ǹsì?

Ìdáhùn: Ọ̀nà ìjọba ni láísẹ́ǹsì tí ẹ ń sọ wà fún. Pápá ìdíje ní àṣẹ tirẹ̀. Ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀rín: Max Verstappen bọ́ sínú Formula 1 ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti sá eré fún oṣù bíi mélòó kan pẹ̀lú àwọn àgbà kó tó pé ọdún méjìdínlógún ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì yege ìdánwò ìwakọ̀ ti ojú títì. FIA, àjọ tó ń ṣàkóso ìdíje ọkọ̀, yára ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2016, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ pé ọdún méjìdínlógún, kó ní láísẹ́ǹsì ojú títì, kó sì ti kó máàkì 40 jọ nínú àwọn ìdíje ìsàlẹ̀. Wọ́n tún dẹ ti ọjọ́ orí díẹ̀ ní 2024.

Ìbéèrè: Ẹ fi ẹnì kan ṣàlàyé fún wa. Báwo ni Lewis Hamilton ṣe rìn ín?

Ìdáhùn: Stevenage, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní 1985. Àwọn èèyàn Anthony, bàbá rẹ̀, wá láti erékùṣù Grenada. Kérésìmesì ni bàbá ra kart fún un, ó sì bá a ṣe àdéhùn: ìwọ ṣe dáadáa níléèwé, èmi á máa tì ọ́ lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje, ibẹ̀ ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Táyà ìdíje kì í pẹ́ di àgbà, ẹni tó bá lówó á pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò lówó á máa yọ̀ kiri. Anthony ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tún ń wá iṣẹ́ mìíràn kún un: ó polówó fèrèsé onígíláàsì, ó fọ abọ́, ó ń ri pátákó àwọn tó ń ta ilé mọ́lẹ̀.

Ní 1995, Lewis gba ife àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbi ayẹyẹ kan lọ́dún náà, ó lọ bá Ron Dennis, ọ̀gá McLaren, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Formula 1, ó ní òun máa wakọ̀ fún un lọ́jọ́ kan. Dennis kọ ọ́ sínú ìwé Lewis pé kó pe òun ní ọdún mẹ́sàn-án sí i. Ìtàn yìí ni gbogbo ayé fẹ́ràn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tí àgbà fi ń tu ọmọdé nínú ni. Ọdún 1998 ló já mọ́ nǹkan, nígbà tí Dennis fúnra rẹ̀ tẹ̀ wọ́n láago, tí McLaren àti Mercedes sì gba ọmọ ọdún mẹ́tàlá náà sọ́dọ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹlòmíràn ló ń san owó táyà.

Ní 2000, ó gba ife kart ti Yúróòpù. Ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nígbà yẹn ni Nico Rosberg: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹni tó fọ abọ́, èkejì jẹ́ ọmọ Keke Rosberg tó gba ife Formula 1 ní 1982. Àwọn méjì yìí náà ni wọ́n tún pàdé ní Mercedes ní 2013, tí Rosberg na Hamilton ní 2016, tó sì fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ karùn-ún.

Lẹ́yìn kart, Lewis gba ife àwọn ìdíje tó wà nísàlẹ̀ Formula 1: Formula Renault ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2003, Formula 3 Yúróòpù ní 2005 (ó borí 15 nínú eré 20), àti GP2 ní 2006. Ní 2007 tó wọ Formula 1, eré mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, kò sí èyí tí kò ti bọ́ sáàárín àwọn mẹ́ta tó ṣíwájú. Máàkì kan ni ife fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 2008, máàkì kan náà ló fi gbà á, nínú òjò ní Brazil, nígbà tó kọjá awakọ̀ kan, Timo Glock, ní kọ́nà tó kẹ́yìn. Táyà ilẹ̀ gbígbẹ ni Glock fi ń sá.

Ìbéèrè: Ṣé ẹni tó bá ń gba ife níbi gbogbo máa dé ibẹ̀ ṣáá ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àkàbà tòní ni kart, Formula 4 (láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún), Formula Regional, Formula 3, Formula 2. Àwọn tó ń tẹ̀lé Ugo Ugochukwu, ọmọ Oluchi tí gbogbo wa mọ̀ nínú iṣẹ́ oge, mọ̀ pé ọkọ̀ Formula Regional ló fi borí ní Macau ní 2024. Àmọ́ lókè, ogún ìjókòó péré ló wà títí di 2025. Cadillac, ẹgbẹ́ tuntun, ló sọ ọ́ di 22 ní 2026. Felipe Drugovich, ọmọ Brazil, gba ife Formula 2 ní 2022. Ọdún tó tẹ̀ lé e, kò ríbi jókòó, ó di ẹni tí wọ́n fi pamọ́ de ìgbà tí ẹlòmíràn bá ṣàìsàn.

Owó náà kì í ṣe kékeré. Ọdún kan nínú Formula 2 lè jẹ ju mílíọ̀nù méjì Yúrò lọ. Àwọn òbí Esteban Ocon, tó padà dé Formula 1, ta ilé wọn, gbogbo ìdílé sì ń gbé inú ọkọ̀ àgbérìn láti pápá dé pápá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á sọ pé ìgbàgbọ́ ni. Èmi ò ní gba òbí kankan nímọ̀ràn ẹ̀, torí àwọn tó ta ilé tí ọmọ wọn kò dé ibi kankan, a kì í gbọ́ orúkọ wọn.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá sẹ́ni tó débẹ̀ láìgba inú kart?

Ìdáhùn: Ó wà. Orí alùpùpù ni Damon Hill ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje, ó ti lé lógún ọdún kó tó wọ ọkọ̀ ìdíje, ó sì gba ife àgbáyé ní 1996. Graham, bàbá rẹ̀, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kó tó gba láísẹ́ǹsì rárá, síbẹ̀ ó gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì. Lóde òní, ẹni tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò tíì wọ Formula 2, àwọn tó ń wá awakọ̀ fún Formula 1 ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.