Cold plunge àti "hẹ́ẹ̀!" tó ń bọ́ lẹ́nu èèyàn

Tó o bá ti gbé Awo Hall ní OAU rí, tó o sì wẹ̀ láago márùn-ún ìdájí lásìkò ọyẹ́, o ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Abọ́ omi àkọ́kọ́ yẹn, tó bá kan ẹ̀yìn ẹ, o ò ní mọ̀gbà tí "hẹ́ẹ̀!" máa bọ́ lẹ́nu ẹ, àyà ẹ á máa lù kìkì, o ò ní lè sọ̀rọ̀ já geere. Ohun táwọn dókítà ń pè ní cold shock nìyẹn, cold plunge ò sì ju pé kéèyàn fowó ẹ̀ ra abọ́ omi àkọ́kọ́ yẹn kó wá jókòó sínú ẹ̀.

Omi tó wà láàárín 10 sí 15 dígírì ni wọ́n sábà máa ń lò, á mù ẹ́ dé ọrùn, o ò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ níbẹ̀. Omi kànga wa n'Ífẹ̀ níbí ò lè tutù tó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ọyẹ́ mú tó ó ṣì máa ń ju 20 lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá áìsì bulọ́ọ̀kù.

Ibi tí mo lọ, ẹ̀yìn jíìmù kan ní Mayfair ni, torí bọ́ọ̀lù tí mo gbá ní Sátidé ò jẹ́ kí n lè sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn. Dúrọ́ọ̀mù búlúù ńlá kan tí wọ́n gé lórí, yìnyín ń léfòó nínú ẹ̀, tẹmọ́mítà kọ 12. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kánjú o, ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì máa mí síta díẹ̀díẹ̀." Èmi akin, mo jókòó gbì lẹ́ẹ̀kan náà. Hẹ́ẹ̀!

Ohun tó fà á ni pé awọ ara ló kọ́kọ́ ta ọpọlọ lólobó pé ewu ti dé, ọpọlọ ò wá dúró bi ẹ́, á ní kí àyà fa atẹ́gùn gbà, kí ọkàn sáré, káwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ etí awọ sì fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè sá wọnú lọ. Omi máa ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ti afẹ́fẹ́, torí ẹ̀ ni 12 dígírì tó jẹ́ súwẹ́tà lásán lójú òpópónà fi ń dà bí abẹ́rẹ́ nínú omi. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló le jù, tó bá fi máa pé méjì sí mẹ́ta èémí ti ń balẹ̀. Ìdí tí wọn kì í fi í jẹ́ kó o ki orí bọ̀ ọ́ nìyẹn, tí "hẹ́ẹ̀" yẹn bá bá ẹ nísàlẹ̀ omi, omi lo máa fà símú, kódà kó o mọ̀wẹ̀ bí ẹja. Má dá nìkan ṣe é láéláé.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìrora ẹsẹ̀ mi dín kù lóòótọ́, ojú mi sì là ju ti kọfí lọ. Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé ó ń wo gbogbo àrùn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé irin torí kí apá lè yọ, ìwádìí kan tó jáde ní 2015 láti Ọsirélíà fi hàn pé àwọn tó ń wọnú omi tútù lẹ́yìn irin gbígbé, iṣan wọn ò dàgbà tó tàwọn tí ò wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ SS ní tiẹ̀, kó má tiẹ̀ sún mọ́ ọn, òtútù wà lára ohun tó ń fa kíráísìsì.

Nǹkan kan ṣì wà tí mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn: téèyàn bá jáde tán, inú ara ṣì máa ń tutù sí i fúngbà díẹ̀, aṣọ gbígbẹ àti tíì gbígbóná ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Èmi gun ọ̀kadà lọ sí Parakin nínú oòrùn aago kan ọ̀sán, eyín mi ń lu ara wọn kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ọlọ́kadà wá bojú wẹ̀yìn, ó ní "Dádì, ṣé ká kúkú yà sọ́sibítù ni?"