Ilé Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Kọ́: Bí Lyman Briggs Ṣe Di Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Bí a bá béèrè ibi tí ètò kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sùn síbi tó ti ń kàwé ti ṣẹ̀ wá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ńláńlá ni wọ́n máa ń fi dá wa lóhùn: pé ọgbọ́n kì í tán sí kíláàsì, pé bẹ́ẹ̀ ni Oxford àti Cambridge ti ń ṣe é láti ayébáyé. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, ní ìlú East Lansing, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Lyman Briggs ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di dókítà, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí àti onísáyẹ́ǹsì lóríṣiríṣi, ọ̀rọ̀ owó ilé ló ṣáájú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí Holmes Hall, ilé alápá méjì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fi ṣe ibùgbé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ kò dé títí di 1967.

John Hannah ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni ọ̀gá àgbà yunifásítì náà láti 1941 títí di 1969. Adìyẹ sínsìn ló kọ́ níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀. Ọmọ ọ̀gá àgbà tó jẹ ṣáájú rẹ̀ ló sì fi ṣaya. Nígbà tó gorí àga, akẹ́kọ̀ọ́ bí 6,000 ló bá nílẹ̀. Nígbà tó máa fi kúrò, wọ́n ti ń sún mọ́ 40,000. Àwọn ọmọ ogun tó ti Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀ ló kọ́kọ́ ya wọlé, torí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun náà dàgbà, ni àwọn náà bá ya dé. Níbo ni gbogbo wọn yóò sùn? Hannah kò dúró de ìjọba. Ó ní kí yunifásítì yá owó, kí wọ́n fi kọ́ ilé, kí owó ilé àti owó oúnjẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san sì máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí wọ́n wá ti ta ọgbọ́n ni pé, bí a bá kọ́ ilé fún ẹgbẹ̀rún ọmọ ní ìkángun ọgbà, kí ló dé tí gbogbo wọn yóò fi máa rìn nínú yìnyín lọ sí àárín ọgbà láràárọ̀? Òtútù Michigan kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíláàsì, ọ́fíìsì olùkọ́ àti ilé ìjẹun sínú ilé ibùgbé gan-an. Case Hall, tí wọ́n ṣí ní 1961, ló ṣíwájú: ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ láàárín. Ọmọ kò rìn jìnnà, yunifásítì kò sì ní láti wá owó kíláàsì lọ síbòmíràn. Kò sí Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, nínú ìṣirò yẹn.

(Hannah yìí kan náà ló bá Azikiwe ṣètò yunifásítì Nsukka, tó ṣílẹ̀kùn ní 1960. Ẹni tó bá ti ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí Nsukka fi ń ṣe bí Amẹ́ríkà nígbà tí Ìbàdàn ń ṣe bí London, ibẹ̀ ni kó ti wádìí.)

Àwọn tó ro ti ọgbọ́n ti wà níbòmíràn tẹ́lẹ̀ o. Ní 1927, Alexander Meiklejohn kó àwọn ọmọkùnrin kan jọ sínú họ́ọ̀lù kan ní Yunifásítì Wisconsin pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn. Odindi ọdún kìíní, ìlú Áténì àtijọ́ ni wọ́n ń kà. Ọdún kejì, Amẹ́ríkà ìgbà ayé wọn. Ètò náà kógbá sílé ní 1932. Harvard gba owó lọ́wọ́ olówó kan, Edward Harkness, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú àwọn ilé tó ní olórí àti ilé ìjẹun tirẹ̀ ní 1930. Kò sí èyí tí wọ́n tìtorí ọmọ sáyẹ́ǹsì dá sílẹ̀ nínú wọn. Lójú àwọn ènìyàn nígbà náà, láàbù ni ọmọ sáyẹ́ǹsì nílò; ìjíròrò alẹ́ wà fún àwọn tó ń ka ìtàn àti ewì.

Ọ̀rọ̀ tó yí ìyẹn padà ti ẹnu C. P. Snow jáde ní 1959. Onísáyẹ́ǹsì ni Snow, ó sì tún ń kọ ìtàn àròsọ. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣe ní Cambridge, ó ní àwọn onísáyẹ́ǹsì àti àwọn onílítíréṣọ̀ ti pín sí ẹ̀yà méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn mọ́. Àwọn kan gbà á, àwọn kan bú u, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tàn dé East Lansing, ó sì bá wọn nígbà tí yunifásítì ti tóbi débi pé ọmọ lè sọnù sínú èrò. Wọ́n pinnu láti gé kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké jáde lára ńlá. Justin Morrill, tó wà fún ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, ló kọ́kọ́ dé ní 1965. Ní 1967, James Madison tẹ̀ lé e fún ọ̀rọ̀ ìṣèlú, wọ́n sì fi í sínú Case Hall. Lyman Briggs wà fún sáyẹ́ǹsì, ó bọ́ sí Holmes. Frederic Dutton, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, torí n kò rò pé wọ́n lè rí ẹlòmíràn tó yẹ jù ú lọ. Ọmọ oko ni Lyman James Briggs, wọ́n bí i ní Michigan ní 1874. Ọmọ ọdún márùndínlógún ni nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́ jáde ní 1893, ó wá yà sí físíìsì. Nígbà tó dé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, físíìsì rẹ̀ padà sínú oko: yóò bu ilẹ̀ tútù sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí, kó lè mọ iye omi tí ilẹ̀ amọ̀ ń dì mú lẹ́yìn tí ti iyanrìn bá ti ṣàn lọ. Òun àti Homer Shantz, onímọ̀ nípa ewéko, tún wọn iye omi tó máa kù nínú ilẹ̀ kí ewé tó rọ. Ìmọ̀ físíìsì ni, ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ni, ó sì kan àgbẹ̀ tó ń retí òjò.

Lẹ́yìn ìyẹn ó di ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdíwọ̀n, ó wà níbẹ̀ títí di 1945. Irú kọ́ńpáàsì tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tí Lindbergh fi dá kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní 1927. Ní 1939, Ààrẹ Roosevelt fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ uranium, ohun tí wọ́n ń fi ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, wò. Àwọn òpìtàn kò yìn ín fún ìyára níbi ìyẹn. Èyí tó wù mí jù ni ti ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tó ní òun fẹ́ mọ bí bọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù ṣe ń yà lójú ọ̀nà. Ó so tẹ́ẹ̀pù pẹlẹbẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, ó ní kí àwọn ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Washington jù ú, tí àwọn ọmọ Kúbà méjì wà lára wọn, ó wá ka iye ìgbà tí tẹ́ẹ̀pù náà lọ́ kó lè mọ iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù yí. Ní 1959 ló gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ó kú ní 1963. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fún ní ìdánwò ìwà olálífábẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Myers-Briggs rí níbi iṣẹ́, Katharine ìyàwó rẹ̀ àti Isabel ọmọ wọn ló ṣe ìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé inú Holmes? Láàbù kẹ́mísìrì àti ti bàólọ́jì wà nínú ilé náà, pẹ̀lú síńkì, páìpù gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń fa èéfín. Ọmọ yóò ti yàrá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láìwọ kóòtù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé bàtà tó bo ẹsẹ̀, torí kò sí láàbù tó gba sílípáàsì. Ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ wà nínú ilé kan náà. Àti pé, ibi tí ọ̀rọ̀ Snow ti ṣiṣẹ́ gan-an nìyí: ẹni tó ń ka bàólọ́jì kò lè jáde láìkọ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn, àti bí àwùjọ ṣe ń darí rẹ̀. Ọmọ tó mọ bí àjẹsára ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ yóò tún kọ ìwé lórí ìdí tí àwọn kan fi ń sá fún un.

Èyí yàtọ̀ sí ohun tí a mọ̀ nílé. Àwọn ilé ibùgbé Kuti, Tedder àti Mellanby ní Yunifásítì Ìbàdàn náà ní àṣà tiwọn, wọ́n ní olórí họ́ọ̀lù àti orin, ṣùgbọ́n ọmọ lọ́ọ̀ àti ọmọ àgíríkì ló jọ ń sùn níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ń bẹ níbòmíràn. (Mellanby fúnra rẹ̀, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, onímọ̀ nípa kòkòrò ni.) Èyí tó sún mọ́ Holmes jù ni Alexander Brown Hall ní UCH, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti jọ ń gbé, tí wọ́ọ̀dù kò sì jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti rìn jìnnà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni wọ́n. Briggs ń bẹ̀rẹ̀ látorí jámbáìtì.

Nígbà tí owó gbẹ, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Justin Morrill parẹ́ ní 1979. Iṣẹ́ mọ́tò, tí gbogbo Michigan fi ń jẹun, dojú dé. Ní 1981, yunifásítì gba ipò kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ Briggs, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ka lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sáyẹ́ǹsì ńlá. Wọn kò tì í pa. Lójú tèmi, síńkì wà lára ohun tó dá a sí. Ètò tó jẹ́ kìkì àga àti ìjíròrò, ẹ lè kó o kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láàbù tí wọ́n ti ri páìpù rẹ̀ mọ́ abẹ́ ilé ibùgbé kì í ṣe ohun tí ọ̀gá kan yóò kàn fọwọ́ pa rẹ́, pàápàá nígbà tí àwọn tó fẹ́ di dókítà kò yéé tò sẹ́nu ọ̀nà.

Láàárín àkókò yẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé kíkàwé pọ̀ ń ran ọmọ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ yọ láti Yunifásítì California ní Berkeley. Uri Treisman, onímọ̀ ìṣirò, fẹ́ mọ ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú fi ń kùnà nínú calculus, ẹ̀ka ìṣirò kan, nígbà tí àwọn ọmọ Ṣáínà ń yege. Ó tẹ̀ lé wọn lọ sílé. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì ṣe òpè: àwọn ọmọ dúdú ń dá kàwé nínú yàrá wọn, àwọn ọmọ Ṣáínà ń kóra jọ, wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n sì ń jẹun pọ̀. Àwọn tó dá ètò Meyerhoff, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì, sílẹ̀ ní Yunifásítì Maryland tó wà ní ẹkùn Baltimore ní 1988 kò fi irú èyí ṣeré. Freeman Hrabowski ló ṣáájú wọn, ọmọkùnrin dúdú mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, ọlọ́dún kìíní wọn sì ń gbé pọ̀. Kizzmekia Corbett, tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí àjẹsára kòrónà ti Moderna, jáde níbẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú bàólọ́jì àti ìmọ̀ àwùjọ. Ní College Park, yunifásítì Maryland kejì dá ètò ọlọ́dún méjì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1994, ohun abẹ̀mí sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀.

Ní 2007, Briggs gba orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì padà. Elizabeth Simmons, onífísíìsì, ni olórí rẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ń gba olùkọ́ síbẹ̀ nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ ti ọ̀gá méjì: apá kan ti Briggs, apá kan ti ẹ̀ka kẹ́mísìrì, bàólọ́jì tàbí ìtàn ní ọgbà ńlá. Ìpàdé méjì ni wọ́n ń lọ, ẹni méjì ló sì ń pinnu ìgbéga wọn.