Bí àwọn First Nations ní Kánádà ṣe ń gba ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ padà sọ́wọ́ ara wọn

Téèyàn bá fẹ́ mọ ìdí tí ilé fi burú tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ reserve ní Kánádà, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn First Nations, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bi. Ilẹ̀ baba wọn ni o, àmọ́ lábẹ́ Indian Act, òfin tó ti wà láti 1876, ìjọba ló nilẹ̀ lórí ìwé, àwọn onílẹ̀ gan-an kàn ń lò ó ni. Abala 89 nínú òfin yẹn wá sọ pé ẹni tí kì í ṣe ara wọn ò lè gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní wọn tó wà lórí reserve. Ààbò ni lóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi gbèsè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ohun tó bá a wá ni pé báńkì ò lè gba ilé tó wà níbẹ̀ dógò, báńkì tí ò bá sì rí nǹkan dì mú, ṣé á yáni lówó kọ́lé? Bó ṣe di pé mínísítà ní Ottawa, olú ìlú Kánádà, ló ń ṣe onídùúró lóònù nìyẹn, ìlú á wà lọ́nà jíjìn réré, ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ á máa dúró de ẹni tí ò débẹ̀ rí kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ilé kì í wá tó. Ìdílé méjì mẹ́ta á há sínú ilé kan tí wọn ò kọ́ fún irú òtútù yẹn, ooru ìdáná ò ríbi jáde, omi á máa ṣàn lára fèrèsé láti inú, tó bá yá ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì á bu, á dúdú, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí rárá, kò sì dáa bí àwọn kan ṣe ń fẹnu tẹ́ńbẹ́lú wọn lórí ẹ̀.

Ní 1996, ìlú First Nations 14 bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé, òfin ẹ̀ jáde ní 1999: ìlú á kọ òfin ilẹ̀ tiwọn, ará ìlú á dìbò sí i, tó bá ti wọlé, apá tó jẹ mọ́ ilẹ̀ nínú Indian Act ò mú wọn mọ́. Àwọn fúnra wọn ló máa sọ ibi tí ilé máa wà àti ibi tí ọjà máa wà.

Ilẹ̀ nìkan ò tó, owó ńkọ́? Ibí yìí ló dùn jù. Òfin 2005 ló bí First Nations Finance Authority, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn ìlú yìí wá lóònù, tẹ́ ẹ bá mọ àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tán. Ìlú kan ṣoṣo ò lè lọ ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé téèyàn fi ń yá owó lọ́wọ́ àwọn olówó, àmọ́ tí wọ́n bá para pọ̀, ọjà á gbà wọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìwé owó ìlú wò dáadáa, lẹ́yìn náà owó tó ń wọlé fún un, bí owó orí tàbí rẹ́ǹtì, á gba inú àkáǹtì àjùmọ̀ní kọjá, wọ́n á yọ owó lóònù kí èyí tó kù tó dé ọwọ́ ìlú. Wọ́n tún ń yọ 5% lára lóònù kọ̀ọ̀kan sí àpò pàjáwìrì, tí ẹnì kan bá kọsẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa dí i. Bọ́ǹdì àkọ́kọ́ jáde ní 2014, $90 mílíọ̀nù, wọn ò sì fi ilẹ̀ kankan dógò.

Ẹ wo Sen̓áḵw ní Vancouver. Ní 1913 wọ́n kó àwọn Squamish, ọ̀kan lára àwọn First Nations, kúrò níbẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dáná sun ilé wọn. Kóòtù padà dá nǹkan bíi éékà 10 padà, ní 2019 ará ìlú dìbò, 87% ló ní kí wọ́n kọ́lé sí i, ó ń lọ sí bíi 6,000 ilé rẹ́ǹtì, ìjọba àpapọ̀ sì yá wọn ní $1.4 bílíọ̀nù ní 2022. Torí ilẹ̀ tiwọn ni, òfin ilé kíkọ́ ti Vancouver ò kàn wọ́n, àmọ́ wọ́n bá ìlú náà ṣàdéhùn lórí omi àti páìpù.

Ìlú tó wà nínú igbó àríwá ò ní irú ilẹ̀ olówó gọbọi bẹ́ẹ̀, ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ni ọ̀nà. Orí adágún tó ti dì ni ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gbà kó pákó àti páìpù wá, oṣù díẹ̀ péré lọ́dún, ọdún ìnáwó ìjọba sì ń bẹ̀rẹ̀ ní April 1, nígbà tí yìnyín ti ń yọ́. Owó tó bá pẹ́ ti pàdánù ọ̀nà nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Láti 2019 ni ìjọba ti ń fún àwọn kan lówó ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́kù ò padà sí Ottawa, kí òtútù tó mú, ìgbìmọ̀ ìlú ti lè ra pákó sílẹ̀ ní gúúsù, kó máa dúró de yìnyín.