Ta ló láṣẹ láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹjọ́ ojú pópó

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú ọ̀pọ̀ awakọ̀ lójú. Ọjọ́ yẹn ni Adájọ́ Evelyn Maha ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá dájọ́ pé kò sí òfin tó fún àwọn òṣìṣẹ́ VIO (àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò) olú-ìlú náà láṣẹ láti máa dá ọkọ̀ dúró, láti máa gba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tàbí láti máa bu owó ìtanràn léni. Àwọn kan ní ó tán, kò sẹ́ni tó tún lè mú awakọ̀ mọ́. Àwọn kan sì ń sanwó lọ bí wọ́n ṣe ń san án tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí nìwọ̀nyí.

Ṣé ìdájọ́ yẹn kan gbogbo Nàìjíríà?

Rárá. VIO Àbújá ni ẹjọ́ náà dá lé lórí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin ìrìnnà tirẹ̀.

FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìjọba àpapọ̀, ńkọ́? Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì wọn kì í ṣe owó ìtanràn ni?

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Òfin ọdún 2007 tó gbé FRSC ró fún wọn láṣẹ láti mú ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó rú òfin ojú pópó, kí wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Àkọsílẹ̀ iye owó tó wà fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà: ẹni tí kò de bẹ́líìtì, 2,000 náírà, ẹni tó ń lo fóònù lórí ìwakọ̀, 4,000, ìwakọ̀ eléwu, 50,000. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá já a fún. Bó bá gbà pé òun ṣẹ̀, yóò san owó náà, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Bí kò bá gbà, ó lè ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ dé ilé-ẹjọ́. Òṣìṣẹ́ tó dúró lójú títì kò lè sọ pé ẹ jẹ̀bi. Adájọ́ nìkan ló lè sọ ọ́.

Kóòtù wo ni wọ́n ń gbé awakọ̀ lọ?

Kóòtù Májísíréètì ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí kóòtù alágbèéká tí májísíréètì ń jókòó nínú rẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ilẹ̀ àti ogún ni iṣẹ́ tiwọn dá lé lórí jù.

Báwo ni kóòtù alágbèéká ṣe ń rí?

Mo ti jókòó ti ọ̀kan rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Abẹ́ kánópì ni, tábìlì kan, àga ike bíi mélòó kan, ariwo tírélà ò sì jẹ́ ká gbọ́ ara wa dáadáa. Wọ́n pe awakọ̀ dáńfó kan síwájú. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sáré kà á bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ ní kíláàsì, lẹ́yìn náà ó bi í léèrè bóyá ó jẹ̀bi. Ọkùnrin náà ní, "Yẹ́ẹ̀sì sà." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ̀bi. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó padà sẹ́yìn, ó tẹ̀ sétí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

Mi ò tíì gbàgbé ìbéèrè yẹn. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀sùn fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè ilé-ẹjọ́, kí wọ́n fún un láyè láti múra sílẹ̀, kí ó sì lè gba agbẹjọ́rò. Abẹ́ kánópì kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ òfin yìí. Bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn tí kò yé yín, ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́." Kò sí àfojúdi kankan níbẹ̀.

Báwo ni adájọ́ ṣe ń mọ ìjìyà tí yóò fúnni?

Òfin ló ń pààlà fún un. Láàárín ààlà yẹn, ó máa ń wò ó bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, bóyá èèyàn fara pa, bóyá ẹni náà kábàámọ̀. Kí ó tó kéde ìjìyà, àyè máa ń wà láti bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ẹ má dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ sọ iye ọdún tí ẹ ti ń wakọ̀ láìsí ẹ̀sùn, ẹ sọ àwọn tó gbójú lé yín. Tó bá ní "ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn", ẹni tí kò rówó san ló ń lọ sẹ́wọ̀n, nítorí náà ẹ ti pe ará ilé yín lórí fóònù ṣáájú. Àwọn òfin kan tún fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n.

Ṣé wọ́n lè gba ọkọ̀ mi pátápátá?

Ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni, tí ilé-ẹjọ́ bá dá yín lẹ́bi pé ẹ gba wọ́n-wéè. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba Èkó ta ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní gbàǹjo, ọkọ̀ tí ilé-ẹjọ́ ti ní kó di ti ìjọba. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ọkọ̀ tí àwọn kan fi ń jẹun wà nínú rẹ̀. Ẹ má tìtorí àtidé kíákíá fi ọkọ̀ yín ta tẹ́tẹ́.

Bí èèyàn bá kú ńkọ́?

Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi ìwàkuwà ọkọ̀ pa èèyàn lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 7 jura. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé àwọn èrò yóò lù yín, àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ jù ni kí ẹ wa ọkọ̀ lọ tààrà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tó bá sá lọ sílé kàn ń fi ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹni tó fara pa sì lè ti kú kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dé ọsibítù.

Kí ni kí n ṣe bí wọ́n bá dá mi dúró?

Ẹ dúró. Ẹ má jà, ẹ má sì sá. Ẹ béèrè iléeṣẹ́ tí wọ́n ti wá àti ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ní ẹ ṣẹ̀. Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Báǹkì ni kí owó gbà lọ, kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ yín.

Ìbẹ̀rù ló mú kí n sọ pé mo jẹ̀bi. Ṣé ó ti bọ́?

Kò tíì bọ́, ṣùgbọ́n àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí ilé-ẹjọ́ gíga, pàápàá bí ẹ̀sùn náà kò bá yé yín nígbà tí ẹ dáhùn. Abala 36 kan náà fún yín ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n bá ti parí ẹjọ́. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, kí ẹ sì gbé e lọ bá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà gan-an.