Wọ́n tú orí bátìrì, wọ́n ní kí ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀

Bí rewáyà, oníná ọkọ̀, bá ti tú orí bátìrì láti fi reset brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé e gba Third Mainland, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa o. Bí ẹ bá ń rọra wà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wọ́ títí." Ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, mo sì lọ ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Epo àti afẹ́fẹ́ ni brain box ń kọ́. Bí a bá gbé wọn sórí ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ bíi ìlọ́po 14.7 ni epo bẹntiróòlù nílò láti jóná tán. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára páìpù sàlẹ́ńsà tó ń yẹ èéfín wò. Ohun tó bá sọ ni kọ̀ǹpútà fi ń bu epo kún tàbí tó fi ń dín in kù, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, títú orí bátìrì máa ń pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́.

Bí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, kọ̀ǹpútà kì í tẹ́tí sí sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́. Iye epo tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti kọ sínú rẹ̀ ni yóò máa tú sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára, kó má sì gbóná jù. Ìgbà tí ẹ ń sáré jù gan-an ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ nǹkan kan. Lóòótọ́, jíà ọ̀tọ́mátíìkì àwọn ọkọ̀ kan máa ń wo ẹsẹ̀ awakọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wò ó, kì í ṣe ọjọ́ kan.

Bí wọ́n bá ti so bátìrì padà, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ ṣíná, ẹ pa AC, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná. Ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí slow rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú kan láì tẹ iná, bá ń gbọ̀n díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, ẹ máa lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó: sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ láti Fádéyí sí Maryland wúlò, àárọ̀ Sunday lórí afárá Third Mainland tó gùn tó kìlómítà 11 ó lé náà wúlò, ní bíi 80 tí kò yẹ̀, kí ẹ sì ká ẹsẹ̀ kúrò kí ẹ tó dé Adéníji. Ọjọ́ mélòó kan ti tó.

Ní tèmi, ọjọ́ kẹta ni iná check engine padà tàn. Ọmọkùnrin kan so ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe mọ́ ọn: P0171, afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Bí ọkọ̀ bá wà lórí slow, iye epo tí kọ̀ǹpútà ń bù kún un á ga. Bí ó bá fún un níná, á wálẹ̀. Ó ní kí n pa rédíò. Ó tẹ orí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń gbọ́ "ṣììì". Rọ́bà kékeré kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló ti là, kò ju èékánná lọ. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Tí mo bá tú bátìrì nígbà ogún, ihò yẹn kò ní dí.

Owó rọ́bà náà kò tó owó epo tí mo sun lórí afárá. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí bátìrì mi kí wọ́n tó ka kóòdù, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ó sábà máa ń bá àkọsílẹ̀ yòókù parẹ́ ni.