Pósófíìsì ló bí rédíò gbogbo ìlú

Bí a bá bi àwọn òpìtàn pé ta ló dá rédíò gbogbo ìlú sílẹ̀, ìyẹn rédíò tó wà fún ará ìlú, tí kì í ṣe ti oníṣòwò, John Reith, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní BBC, ni ọ̀pọ̀ wọn máa dárúkọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kí Reith tó dé ni wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ dè é, pósófíìsì ló sì tẹ́ ẹ.

Lọ́dún 1870, pósófíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba iṣẹ́ tẹlígíráàfù, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà, lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ tó bá ti gba orí wáyà kọjá, ìjọba ló láṣẹ lé e lórí. Nígbà tí Marconi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Ítálì, gbé èyí tí kò nílò wáyà dé, ìjọba ò fi falẹ̀: òfin ọdún 1904 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà pósófíìsì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi àti ti ọmọ ogun ló gba àwọn aṣòfin náà lọ́kàn, kì í ṣe orin, kì í ṣe ìròyìn. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nellie Melba, gbajúmọ̀ akọrin ọmọ Ọsirélíà, kọrin lórí afẹ́fẹ́ láti ìlú Chelmsford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kẹfà ọdún 1920; kí ọdún náà tó parí, pósófíìsì ti fòpin sí irú ètò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń fi KDKA, ilé iṣẹ́ rédíò àwọn oníṣòwò ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ìtàn òwò ni wọ́n ń pa.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ rédíò ló para pọ̀ dá BBC sílẹ̀ lọ́dún 1922. Ṣílè mẹ́wàá ni ìwé àṣẹ olùgbọ́ lọ́dún, pósófíìsì ló ń tà á, ìdajì owó náà ló sì ń bọ́ sọ́wọ́ BBC. Ẹ̀rọ tí èèyàn bá rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí òǹtẹ̀ BBC sì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tẹ̀ lé e. Wọ́n ń wé wáyà mọ́ páálí, wọ́n ń fi kírísítálì, òkúta kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn rédíò gbọ́, sí i, wọ́n ń to rédíò tiwọn fúnra wọn nílé, wọ́n wá ń bèèrè ìwé àṣẹ tó wà fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ìdánwò. Ó di ohun tí Ìgbìmọ̀ Sykes, tí ìjọba gbé kalẹ̀, jókòó lé lórí lọ́dún 1923.

Owó tí olùgbọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ san yìí ló fún BBC lẹ́sẹ̀ tó fi dúró. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1926, Churchill, tó jẹ́ mínísítà nígbà náà, fẹ́ kí ìjọba gba BBC, kò rí i gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Reith ò jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, Labour, sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1927, BBC di ti gbogbo ìlú lábẹ́ àṣẹ ọba.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ aládàáni bíi Western Union ló ni tẹlígíráàfù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun ojú omi fẹ́ kí rédíò wà lábẹ́ wọn, àwọn aṣòfin kọ̀, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ó di ọdún 1967 kí Ààrẹ Johnson tó fọwọ́ sí òfin rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbogbo ìlú, àwọn aṣòfin ló sì ń fún un lówó tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2025 wọ́n gba nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀ dọ́là padà.

Jámánì ni wọ́n máa ń fi takò mí, torí pósófíìsì ibẹ̀ náà ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú rédíò, ìjọba Násì sì gbà á tán lọ́dún 1933. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi pín in fún àwọn ìpínlẹ̀ lẹ́yìn ogun, tí ilé ẹjọ́ tó ń dáàbò bo òfin ìpìlẹ̀ sì dá Adenauer, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, dúró lọ́dún 1961 nígbà tó fẹ́ dá tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Láti ọdún 2013, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń san owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, yálà wọ́n ní rédíò tàbí wọn ò ní. Ọdún yẹn kan náà ni Finland sọ tirẹ̀ di owó orí. Ilẹ̀ Faransé fagi lé owó tiwọn lọ́dún 2022.