Ẹ Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì, Ẹ Gbàgbé Gíà

Lójú ọ̀nà Ìkìrun níbí ní Òṣogbo, mo dúró ti ọ̀gá kan tó ń tú páànù ìsàlẹ̀ gíà ọkọ̀ kan. Ọ́ìlì tó dà jáde dúdú, ó sì ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìkòkò. Ọ̀gá fi ìka nu mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà nínú páànù yẹn, ó na ìka náà sí ọmọkùnrin tó ni ọkọ̀. Irin tó ti kúnná ló lẹ̀ mọ́ ọn, ó dúdú, ó ń dán. Ẹ ó pè é ní tìróò.

"Ọ̀gá, kí nìyẹn?"

"Gíà ẹ ni. Òun lò ń wò yẹn."

Kò tíì tó oṣù mẹ́rin tí ọmọkùnrin náà yọ ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin kúrò nínú ọkọ̀ náà, tó sì gbé oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà sí i. Gíà àtijọ́ ló fi sílẹ̀. Ohun tó sọ fún ọ̀gá ni mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú yìí: "Ẹ̀rù kí ẹ́ńjìnnì má nọ́ọ̀kì ló ń bà mí. Gíà ò kúkú níṣòro, ó ń wọlé dáadáa nígbà tí ẹ dè é."

Ìgbàgbọ́ náà nìyẹn: pé ẹ́ńjìnnì ló ni ọkọ̀, pé tí agbára bá pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì ló máa kọ́kọ́ jìyà, gíà á kàn máa tẹ̀ lé e. Ó ń dùn mí nítorí owó gidi ló ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń fọ́ gíà gan-an. Họ́ọ̀sìpáwà ni àwọn ọmọ wa máa ń kà, ṣùgbọ́n ẹ wo fọ́kànáísà tí nọ́ọ̀tì táyà le mọ́ lọ́wọ́. Kì í sáré. Páìpù gígùn ló máa wá, á kì í bọ ìdí sípánà, á sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì á rọra yí. Tó bá kọ̀ tí kò yí, bóòtù lè já sí méjì. Agbára tó ń lọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní torque. Họ́ọ̀sìpáwà ń wá láti inú agbára ìlọ́ yẹn ní ìlọ́po iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì méjì lè ní họ́ọ̀sìpáwà kan náà, kí èyí tó ń yí kíákíá máa lọ́ gíà jẹ́jẹ́, kí èyí tí kò yára tó o sì máa lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ tó rẹ.

Gíà kìíní tún ń sọ agbára náà di ọ̀pọ̀. Tí gíà kìíní bá sọ agbára ìlọ́ di ìlọ́po 3.5, tí eyín tó kẹ́yìn kó tó dé ṣáfútù bá tún sọ ọ́ di ìlọ́po 4, ìlọ́po 14 ló ń dé ẹsẹ̀ táyà, láì tíì yọ èyí tó ń ṣòfò lọ́nà. Nm ni wọ́n fi ń wọn torque: 200 Nm á di 2,800. 336 Nm á lé ní 4,700. Eyín irin kéékèèké ló ń gba gbogbo ìyẹn kọjá.

Nínú ọkọ̀ tó ń fi iwájú fà, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀, gíà lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́, differential, èyí tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, wà nínú ilé kan náà, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ wọ àárín táyà méjì. Kò sí ààyè láti mú eyín gíà nípọn bó ṣe wuni. Tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ìwúwo ọkọ̀ á sún sẹ́yìn, táyà iwájú á fúyẹ́, á máa yí lórí asán. Ìgbà tó bá tún di títì mú lójijì ni ìkọlù ń padà gba ṣáfútù wọnú gíà. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ gun afárá Ọlá-Ìyá lẹ́yìn òjò, òòlù ló ń fi lu gíà rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí Toyota fúnra wọn ṣe. Camry 2007 tí à ń pè ní Muscle, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà: oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sìpáwà 158, torque rẹ̀ bíi 218 Nm, gíà alámì márùn-ún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà jẹ́ 268, torque rẹ̀ 336, gíà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, alámì mẹ́fà ni. Ọkọ̀ kan náà, ara kan náà! Ẹni tó ṣe é kò dá a láṣà pé kí gíà kékeré gbé ẹ́ńjìnnì ńlá.

Àwọn tó ṣe é pàápàá máa ń ṣì í. Ní 2004, Honda pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan lé ní Amẹ́ríkà padà, Accord oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà ti 2003 àti 2004 wà lára wọn, èyí tí à ń pè ní End of Discussion níbí. Ọ́ìlì kì í dé ibi gíà kejì tó, ó ń gbóná jù, eyín rẹ̀ sì lè kán. Lára àtúnṣe tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ohun kan tó ń tu ọ́ìlì sí gíà kejì kún un. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò ní ẹ̀bi kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí ọmọkùnrin wa ti ṣìnà nìyí: iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún ni ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà rẹ̀ ń ṣe, kò sí ìnira kankan fún un. Gíà ló ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé turbo, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ló so mọ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni, ìyẹn yàtọ̀. Epo tí kò tó tàbí iná plọ́ọ̀gì tó yá jù lè lu písítìnì fọ́. Ẹ́ńjìnnì àti gíà ló máa jọ wà nínú ewu.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń de ẹ́ńjìnnì kì í sábà sọ. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pinnu bí ọ́ìlì inú gíà ọlọ́tọ̀mátíìkì ṣe máa fún àwọn clutch inú rẹ̀, àwọn àwo tó ń di ara wọn mú, pọ̀ tó. Tó bá gbà pé ẹ́ńjìnnì kékeré ló ṣì wà níbẹ̀, fífún tó bá ẹ́ńjìnnì kékeré mu ló máa ṣe. Clutch á máa yọ̀, yíyọ̀ á di ooru, ooru á jó ọ́ìlì. Bákan náà, nígbà tí gíà bá fẹ́ yí, brain box tó tọ́ máa ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù fún ìgbà díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó lè yí jẹ́jẹ́. Tí àwọn méjèèjì ò bá gbọ́ èdè ara wọn, gbogbo agbára ló ń bá gíà lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á wá sọ pé ọkọ̀ tó ń fi iwájú fà kò lè gbé agbára rárá. Ìyẹn náà kì í ṣòótọ́. Ford Focus RS ti 2009 ní torque 440 Nm, táyà iwájú nìkan ló ń fà á, gíà àti differential tó lè gbà á ni wọ́n fún un.

Tí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ra ẹ́ńjìnnì àti gíà tó jọ jáde lára ọkọ̀ kan náà, pẹ̀lú brain box àti wáyà wọn. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó pupa ṣáá. Ẹ fi cooler tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù kún un. Ẹ yẹ síìtì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tó gbé e dúró, wò, torí tó bá ti gé, gbogbo rẹ̀ á máa fò sókè sódò tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú gíà láti ẹ̀yìn bọ́ sí iwájú nígbà tí ọkọ̀ ò tíì dúró.

Ọmọkùnrin náà bèèrè bóyá òun lè rí irú gíà àtijọ́ yẹn rà lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀gá mi orí. "N ò ní dè é. Oṣù mẹ́rin sí i, wà á tún gbé e wá bá mi." Ó da ọ́ìlì jíjóná náà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì tẹ ẹnì kan láago ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó pé kó bá òun wo gíà ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, ti ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì náà ti jáde gan-an.